Dùùrù Bàbá Àgbà Lọ sí Oǹdó

Nínú agbolé wa ní Àkúrẹ́, ẹnikẹ́ni kì í gún iyán ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi ló ṣe òfin náà, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí i, ló sì ń bá a ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá mọ àwa ará Àkúrẹ́ yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré láti sọ fún wa pé ká gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ orin. Kí aago mẹ́rin tó lù, àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń dáná nínú agbolé á ti gún tiwọn, wọ́n á ti kó o sínú kúlà, wọ́n á sì dojú odó dé. Màmá mi ló máa ń gún kẹ́yìn, nítorí òun ló ń dáná fún èrò tó pọ̀ jù. Èmi a jókòó tì í lórí àpótí, màá máa já ẹ̀fọ́, màá sì máa tẹ́tí sí ariwo agbolé bó ṣe ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ewúrẹ́ Ìyá Àgbà tí wọ́n ti so mọ́lẹ̀, rédíò ará ilé kejì tí wọ́n ti pa, àwọn ọmọdé tó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó tí wọ́n sá sójúde tí ẹnì kan ti lé lọ. Mo ti di ìyá àgbà fúnra mi báyìí, mo sì ti gbé ilé oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí odó kan dákẹ́ lójijì, ọkàn mi á sọ fún mi pé orin ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé ni bàbá mi ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká. Ní ọ́fíìsì, wọ́n ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, pé ọ̀gá rẹ̀ a máa gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Nílé ní Ọjọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wúkọ́ níwájú rẹ̀. Á sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, á bọ́ bàtà, á mu omi ife kan, á jẹ orógbó kan, kò ní jẹun, nítorí ó ní ẹni tó bá yó kì í gbọ́ ohùn dáadáa. Òun ló kó ẹgbẹ́ náà jọ, láti ara àwọn tí wọ́n jọ ń wọkọ̀ lọ sí Alágbàká àti àwọn tó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà tí wọ́n gbọ́ dùùrù tí wọ́n sì yà wọlé. Ẹgbẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Kì í ṣe ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kankan, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wọn sì ti wá. Nọ́ọ̀sì kan wà nínú wọn tó wá láti Ọ̀wọ̀, Màmá Ọ̀wọ̀ la ń pè é, òun ni olórí àwọn tírébù, ìyẹn àwọn obìnrin tí ohùn wọn máa ń gòkè jù. Bàbá Ràfíù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mùsùlùmí ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Ọba. Òun ni báàsì tó rinlẹ̀ jù. Á kírun alààsárì tán lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, á ká ẹní rẹ̀, á sì wọlé wá kọrin àwọn òyìnbó àtijọ́. Bí ẹnì kan bá bi í pé kí ló ń wá láàárín àwọn onígbàgbọ́, á ní, “Ohùn ni mo bá wá o. Ta ló bi yín léèrè ẹ̀sìn?”

Orin tí wọ́n ń kọ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń pàtẹ́wọ́ sí. Orin ńláńlá ni, tí àwọn ará Jámánì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ sílẹ̀ fún ohùn mẹ́rin láti ayé ọjọ́un, tí ohùn kan á sáré, tí èkejì á lé e, tí gbogbo wọn á tún pàdé ara wọn níbi tí èèyàn ò rò. Bàbá mi á da gbogbo rẹ̀ kọ sí sọ́fà, dò, rè, mì, sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́, á sì fi ìṣó kan án mọ́ ògiri pálọ̀. Nítorí náà, bí èèyàn bá wọ pálọ̀ wa, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ló máa rí láti òkè dé ilẹ̀, kò sí àwòrán kankan. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà náà wà, wọ́n pọ̀ pàápàá. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà á dúró ti ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, èjìká á kan èjìká, ibi tí èjìká yẹn bá gbà ni tirẹ̀ náà á gbà. Gbígbé èjìká ni wọ́n ń pe ìyẹn. Mo ti rí i tí obìnrin kan tí kò mọ lẹ́tà kan nínú ìwé kọ orin ojú ewé mẹ́rìnlá láìṣì. Lónìí tí àwọn ọmọ ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ara wọn lórí Wasaap, tí oníkálukú ń fi ohun kékeré kan di etí rẹ̀ láti kọ́ tirẹ̀, mo gbà pé ó yá ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n èjìká ò sí níbẹ̀.

Dùùrù ni ọba pálọ̀ náà. Dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ ni, èyí tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ kí ó tó lè mí. Bàbá Àgbà, ọkọ Ìyá Àgbà, ló ni ín. Kátíkíìsì ni nígbà ayé rẹ̀, òyìnbó kan tó ń padà sílé ló sì fún un. Mi ò bá Bàbá Àgbà láyé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ojoojúmọ́ ni Ìyá Àgbà ń kí i níbi dùùrù náà. Bí ó bá jí, á gbá ojú rẹ̀ pẹ́pẹ́, á ní, “Ẹ kú àárọ̀ o, Kátíkíìsì.” Iṣẹ́ tèmi ni láti fi aṣọ funfun gbígbẹ nu eyín rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ kí ó dún. Bí ó bá dún, Ìyá Àgbà á ké láti inú yàrá, “Ta lí ń jí ọkọ mi nínú ulé yìí?” Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí ikùn rẹ̀. Àtúnṣe kankan ò kàn án rí láti ìgbà tí bàbá náà ti kú. Oníṣẹ́ igi kan wá nígbà kan tó ní òun fẹ́ wo inú rẹ̀, Ìyá Àgbà sì bi í bóyá òun náà lè ṣí ikùn bàbá tirẹ̀ wò. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí n sọ nípa màmá mi. Ọmọ Oǹdó ni, ilé wọn kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan tí dùùrù tirẹ̀ ga tó ilé. Ibẹ̀ ló ti kọrin láti kékeré kí ó tó fẹ́ bàbá mi wá sí Àkúrẹ́. Áátò ló ń kọ nínú Ẹgbẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìyẹn ohùn àwọn obìnrin tí kì í ga púpọ̀. Ọwọ́ ẹ̀yìn ló máa ń dúró, nítorí àtidìde lọ wo ọbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun kan wà tí mo ṣàkíyèsí lára rẹ̀ nígbà náà tí mi ò lè ṣàlàyé: orin kan náà tó kọ ní pálọ̀ lánàá, bí ó bá ń kọ ọ́ ní ìdí ààrò lónìí, á ga ju ti àná lọ díẹ̀. Kì í ṣe púpọ̀. Mo gbìyànjú láti bá a gbè é, mo máa ń rí i pé mo ní láti na ọrùn. Mo rò pé ooru iná ló fà á. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, kí ni mo mọ̀?

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni Ẹgbẹ́ Ọjọ́bọ̀ fẹ́ tú ká. Àwọn ìjọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ wọn padà. Alùfáà kan sọ fún àwọn tírébù méjì pé àwọn ò lè máa gbé ohùn tí Ọlọ́run fún wọn lọ fi ṣeré ní pálọ̀ oní-pálọ̀. Ìjọ mìíràn yí ìpàdé àdúrà rẹ̀ sí Ọjọ́bọ̀, gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń wá. Àwọn ará mọ́sáláṣí Bàbá Ràfíù náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó tìyanu-tìyanu. Láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn ogójì èèyàn di mẹ́tàlélógún. Màmá mi a máa se oúnjẹ fún ogójì, oúnjẹ á sì ṣẹ́kù, bàbá mi á wo ìkòkò, á yí ojú kúrò. Mo rántí Ọjọ́bọ̀ kan tí òjò rọ̀ tí àwọn mẹ́sàn-án péré wá. Tẹ́nọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ọkùnrin tó ń kọ ohùn òkè, ló wà. Bàbá mi tẹ dùùrù, ọkùnrin náà kọrin rẹ̀ tán, ojú sì ń tì í, bí ẹni tó dá nìkan jókòó níbi àsè.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà dé láti Oǹdó. Olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ńlá yẹn, bàbá arúgbó kan tí gbogbo Oǹdó ń pè ní Tíṣà, ti gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan wà ní Àkúrẹ́ tí kò ní ìjọ. Ó ní kí wọ́n wá bá àwọn kọrin níbi ìdúpẹ́ ìkórè, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Ẹgbẹ́ méjèèjì á jọ kọ orin kan, lẹ́yìn náà oníkálukú á kọ tirẹ̀. Bàbá mi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì fún wọn. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí ara mi fi lẹ̀ mọ́ ògiri níbi tí mo jókòó sí. Ó ní, “Tí Oǹdó bá gbà wá, kò sí ìjọ kan ní Àkúrẹ́ tó máa lè sọ pé eré là ń ṣe. Tí ojú bá tì wá ní Oǹdó, mi ò ní dà yín láàmú mọ́. Màá ti ilẹ̀kùn pálọ̀ yìí, kí oníkálukú máa lọ sí ìjọ rẹ̀.” Mo wo àwọn ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà lára ògiri, mo wo àga, mo wo ìkòkò ńlá tó wà ní ẹnu ọ̀nà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ilé tí kò ní Ọjọ́bọ̀, irú ilé wo nìyẹn? Màmá mi fà mí jáde, ó fi ìdí ìró nù mí lójú, ó ní, “Wọn ò tíì lọ, o ti ń sunkún. Lọ gbé omi kaná.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi múra. Àwọn tó ti sá lọ gbọ́ orúkọ Oǹdó, àwọn kan padà wá. Ìgbà yẹn ni Màmá Ọ̀wọ̀ máa ń gun òkè orin náà tí yóò sì dúró sórí rẹ̀ láìmí, bàbá mi á ju ọwọ́ sókè, á ní, “Ẹ gbọ́ bí ó ṣe rọrùn tó! Àwọn ará Oǹdó á làágùn níbẹ̀!” Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Màmá mi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Mo rí i lọ́jọ́ kan tó ń wo dùùrù, tó la ẹnu, tó tún pa á dé. Ìyá Àgbà jókòó níbẹ̀ nínú àga rẹ̀, ó ń mi orí sí ohùn ọkọ rẹ̀. Màmá mi dìde lọ wo ọbẹ̀. Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà yẹn bóyá èmi ì bá sọ ohun tó mọ̀ náà. Mo fẹ́ràn láti máa rò pé màá sọ ọ́, nítorí ẹnu mi ò dákẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ ìyàwó nínú ilé tí òkú bàbá ọkọ ti ń kí èèyàn káàárọ̀.

Nígbà tí ó kù bí ọjọ́ mẹ́ta, bàbá mi ní àwọn ò nílò àtigbé dùùrù lọ, pé Oǹdó ní tiwọn. Ìyá Àgbà yọ orógbó lẹ́nu. Ó ní, “Ubi orin ọkọ mi bá lọ, ubẹ̀ ni dùùrù rẹ̀ í lọ. Èmi náà á sì bá a lọ.” Bàbá mi gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ìyá Àgbà ní, “A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti bàbá rẹ pamọ́ nítorí pé o fẹ́ lọ sí Oǹdó?” Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bàbá Ràfíù bá wa wá mọ́tò tí wọ́n fi ń kó kòkó. Ní ọjọ́ Ìsinmi náà, ọkùnrin mẹ́jọ ló gbé dùùrù náà jáde, Ìyá Àgbà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń sọ fún dùùrù pé kí ó má bẹ̀rù, pé kò jìnnà. Wọ́n fi ìrọ̀rí mẹ́fà yí i ká, wọ́n fi okùn dè é. Gbogbo ètò yẹn gba wákàtí méjì, a sì pẹ́ dé Oǹdó. Ìsìn ti bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ti kún, kò sí àyè láti dán ohunkóhun wò. Àwọn ọkùnrin kàn gbé dùùrù wọlé láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n gbé e síwájú, gbogbo ìjọ ń wò wá. Inú bàbá mi dùn. Ó tún táì rẹ̀ ṣe. Mo jókòó ti Ìyá Àgbà ní ìlà kejì.

Àwọn ará Oǹdó wà lókè, níbi tí dùùrù ńlá wọn wà. Tíṣà gbé ọwọ́. Bàbá mi fi ẹsẹ̀ tẹ tirẹ̀. Dùùrù méjèèjì sì jọ dún.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe ohun tó jáde fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Eyín mi dùn mí. Ohùn méjèèjì súnmọ́ ara wọn débi pé wọ́n ń jà. Àwọn èèyàn fi ọwọ́ bo etí, ọmọ kan rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́nu. Bàbá mi gbé ọwọ́ kúrò, ó tún tẹ̀ ẹ́, ohun kan náà ni. Ó wá gbójú sókè, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Àkúrẹ́ tó wà níbẹ̀ ṣì fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ títí di òní. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, dùùrù yín ti ga jù.”

Tíṣà sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, wọ́ọ́rọ́wọ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó ti tẹ̀. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó fa irin ẹlẹ́ka méjì kan, èyí tí àwọn akọrin fi ń mọ ohùn tó tọ́, yọ nínú àpò, ó fi lu orúnkún rẹ̀, ó gbé ìdí irin náà lé orí pákó dùùrù wa. Irin náà kọrin. Ó na ìka sí eyín dùùrù Bàbá Àgbà tó yẹ kó bá a mu, ó tẹ̀ ẹ́. Wọn ò bá ara mu. Ó pe ẹni tó wà lókè pé kí ó tẹ tiwọn. Ó bá irin mu gẹ́lẹ́. Ó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún bàbá mi, ṣùgbọ́n àwa tó wà níwájú gbọ́ ọ, “Ọmọ mi, tiyín ló ti sọ̀ kalẹ̀. Ó dàgbà ni. Àwọn àgbà máa ń kúrú.” Bàbá mi wo àwọn akọrin rẹ̀, àwọn náà wò ó. Gbogbo ìgboyà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, gbogbo bí ó ṣe rọrùn tó fún Màmá Ọ̀wọ̀ láti gun òkè yẹn, dùùrù tó ti rẹlẹ̀ ló fà á; òkè náà kò ga tó bí a ṣe rò. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Ìyá Àgbà wà, ó di ọwọ́ mi mú ṣinṣin. Bàbá mi pa ìdérí dùùrù dé. Ó na ọwọ́ mú fìlà rẹ̀ lórí àga. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó ti ń ti ilẹ̀kùn pálọ̀ nìyẹn, níwájú gbogbo Oǹdó.

“Bàbá Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró.”

Màmá mi ni, láti ìlà ẹ̀yìn; èmi ni Dúpẹ́. Mi ò gbọ́ tó ké báyẹn rí, àfi sí adìẹ. Ó jáde síwájú, ó kúnlẹ̀ kí Tíṣà ní èdè Oǹdó, tí mo gbọ́ ìlàjì rẹ̀. Bàbá arúgbó náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó rántí rẹ̀. Màmá mi wá dìde, ó ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí a fi ẹnu lásán kọ ọ́. Ẹ bá wa pa dùùrù tiyín náà. Àwọn èèyàn wa ò lè gun ibi tí ẹ wà lónìí, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn yín lè sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa.” Tíṣà gbé ojú sókè sí àwọn akọrin rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ pè wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, èèyàn tó tó ọgọ́ta. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n á dúró sí. Bàbá Ràfíù ló yanjú rẹ̀. Ó mú ọkùnrin kan nínú wọn lọ́wọ́, ó bi í pé, “Báàsì ni ẹ́?” Ẹni yẹn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Gbé èjìká rẹ wá.” Bí gbogbo wọn ṣe pòórá sínú ara wọn nìyẹn, tírébù lọ bá tírébù, áátò lọ bá áátò, mi ò mọ ará Àkúrẹ́ yàtọ̀ sí ará Oǹdó mọ́ bí kò ṣe láti ara aṣọ.

Màmá mi di ojú. Ó gbé ohùn dùùrù wa jáde, èyí tó rẹlẹ̀, èyí tó ti ń gbọ́ ní Ọjọ́bọ̀ gbogbo láti ìgbà tó ti wọlé bàbá mi. Ó fún àwọn báàsì ní tiwọn, ó fún àwọn tẹ́nọ̀, ó fún àwọn tírébù. Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n sì kọ ọ́. Mo ti gbọ́ orin yẹn nígbà púpọ̀ láti ìgbà yẹn, pẹ̀lú àwọn fèrè àti àwọn gòjé, nínú gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Mi ò gbọ́ ọ báyẹn mọ́. Nígbà tí Màmá Ọ̀wọ̀ gun òkè rẹ̀, àwọn tírébù Oǹdó ogún bá a gùn ún, wọn ò sì làágùn. Mò ń sunkún, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àgbà ń wo dùùrù tó dákẹ́, ó ní, fún ara rẹ̀ ni mo rò, “Kátíkíìsì, ẹ gbọ́? Wọ́n mọ̀ ọ́n láìsí yín.” Lẹ́yìn ìsìn, Tíṣà di bàbá mi mú ní èjìká, ó ní, “Lọ́dún tó ń bọ̀, àwa la máa wá bá yín ní Àkúrẹ́. Ẹ wá ibi tó gbà wá.” Bí a kò ṣe ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Àwọn ìjọ gbọ́ pé Oǹdó ń bọ̀ ní Àkúrẹ́, àwọn alùfáà tó ti ń pe àwọn èèyàn wọn padà wá ń jà lórí ta ni yóò fi ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gba àlejò.

Ẹgbẹ́ náà ṣì wà. Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ni wọ́n ti ń kọrin báyìí, ọmọ ọmọ Bàbá Ràfíù ló ń kọ báàsì, èmi ṣì ń kọ áátò bí òtútù kò bá mú mi. Àwọn ará Oǹdó máa ń gba ọ̀dọ̀ wa wá, àwa náà máa ń lọ. Dùùrù Bàbá Àgbà kò jáde kúrò nílé mọ́ láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì ṣí ikùn rẹ̀. Bàbá mi a máa tẹ̀ ẹ́ fún Ìyá Àgbà nìkan ní òwúrọ̀, ní ohùn rẹ̀ tó ti kúrú, títí Ìyá Àgbà fi lọ bá ọkọ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń béèrè ìtàn ẹgbẹ́ yìí lọ́wọ́ mi máa ń fẹ́ gbọ́ nípa ọjọ́ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè ibi tí ẹgbẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, ojú ọ̀nà ilé ni màá sọ.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí a kúrò ní Oǹdó. Ìyá Àgbà jókòó níwájú pẹ̀lú dírẹ́bà. Èmi, màmá mi àti bàbá mi wà lẹ́yìn mọ́tò kòkó náà, dùùrù wà láàárín wa, àwọn yòókù sì ti bọ́ọ̀sì lọ. A kọjá oko kòkó, a kọjá oko kòkó mìíràn. Ìgbà tí a dé Òwènà ni bàbá mi tó la ẹnu.

“Ìyá Dúpẹ́. O mọ̀.”

“Mo mọ̀.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n fi omi ṣan ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n mú mi wọ pálọ̀, ẹ sì tẹ dùùrù fún mi. Mo ní, há, èyí rẹlẹ̀ ju ti Oǹdó lọ.”

“Ọdún mọ́kànlá, Ìyá Dúpẹ́! O ò lè sọ fún mi?”

“Kí n sọ kí ni? Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, kí n wọlé kí n ní ohùn bàbá ọkọ mi ò tọ́? Ìyá wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò bi mí rí.”

Mo wo ojú bàbá mi. Ìbínú ni mò ń retí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Ó rín in títí Ìyá Àgbà fi yọ orí láti iwájú wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó sinmi, ó yí ojú sí màmá mi, ó sì wò ó bí mi ò ṣe rí i tó wò ó rí.

“Mo wá ń bi ọ́ báyìí. Kí ni nǹkan mìíràn tí o mọ̀?”

Màmá mi tún gèlè rẹ̀ dì. “Ṣé lóòótọ́ lẹ fẹ́ gbọ́?”

“Mo fẹ́ gbọ́.”

“Àwọn tẹ́nọ̀ yín máa ń sáré. Màmá Ọ̀wọ̀ kì í mí níbi tó yẹ kó mí, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi máa ń ràn. Orin tí ẹ kọ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ kọ fà síbi tí sò yẹ kó wà, àwọn áátò sì ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọdún kẹta. Ẹ̀yin fúnra yín, bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ máa ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gbì gbì, ẹ̀rù á sì bà wọ́n, wọ́n á ké…”

“Dúró, dúró.”

Bàbá mi fa báírò yọ nínú àpò ẹ̀wù. Ó yí ìwé ètò ìsìn Oǹdó padà sí ẹ̀yìn, níbi tí kò sí nǹkan kan. Ó tẹ́ ẹ sórí ìdérí dùùrù, ó fi ọwọ́ òsì di í mú kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ.

“Ó yá,” ó ní. “Bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tẹ́nọ̀. Máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.”